Odò Tó Kún Nínú Ara Nítorí Ìbẹ̀rù Ọ̀dá

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iná díẹ̀ sí i, kí ẹni tó ń tẹ fóònù fi í sápò. Ẹdẹ, ìlú ọlọ́fà, la jókòó sí yìí. Ohun tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ni pé Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé láti Ọ̀yọ́ wá síhìn-ín, tòun ti ọrun lọ́wọ́ àti apó léjìká, kí ó wá lé àwọn tó ń dá oníṣòwò lọ́nà. Ọlọ́fà Iná ni wọ́n ń kì í, nítorí bí ọfà rẹ̀ bá ti kúrò lójú ọrun, wọ́n ní iná ló ń jó lọ. Kò sí ogun tó rí Tìmì gbé ṣe, àfi ìgbà tí jagunjagun kan, Gbọ̀nkáà, dé, tó pe ọfọ̀ lé e lórí, tí oorun sì gbé akọni lọ níbi tó dúró sí. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Ohun tó mú mi dárúkọ Tìmì ni pé ohun tí ọlọ́fà ń wá lára ẹran kò ju ọkàn lọ. Ẹran tí ọfà bà lẹ́sẹ̀ á sá wọgbó. Èyí tó bà lọ́kàn, ojú ẹsẹ̀ ló máa sùn. Ẹni tó ń pa ọkàn, òun ló mọ iyì ọkàn.

Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín, kí ẹ fà á sápá òsì díẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ? Ẹran kan tí kò tóbi ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Inú ìyá yín lẹ wà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì gba ìsinmi rí. Bí ẹ bá sùn, òun kò sùn. Láti òwúrọ̀ kan sí òwúrọ̀ kejì, ó ń lù tó ìgbà 100,000. Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà, bíi lítà 5, ló sì ń tì yí gbogbo ara po láàárín ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí onítọ̀hún jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ti rí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Ẹdẹ yìí kọjá nígbà tí èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀, mo sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó ẹran kékeré yìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àìsinmi ní ibi tó ń gbé ẹ̀dá dé. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkàn á rẹ̀. Kò ní kú, á ṣì máa lù, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde kò ní tó ohun tí ara ń béèrè mọ́. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí rẹ̀ jù. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ gbogbo ẹni tí àìsàn yìí gbé wá sílẹ̀, 452 ènìyàn ni wọ́n. Nínú ẹni mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Iṣan ẹ̀jẹ̀ le, ọkàn sì ń fi tipátipá tì í. Ẹran rẹ̀ á máa nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún kò mọ nǹkan kan, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń jó lóde ìyàwó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó bá pẹ́, ẹran tó nípọn náà á le gbagidi, tàbí kí ó fẹ̀ kí ó sì dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládìpọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹ̀jẹ̀ ríru n'Ìbàdàn, pariwo rẹ̀ fún wa títí tó fi papò dà lọ́dún 2020. Àwa ń kí i pé ó ṣeun, a sì ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ọjọ́ orí. Ìwádìí kan wáyé láàárín 2007 sí 2010 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ adúláwọ̀, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Aláìsàn 1,006 ni wọ́n kà, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò sì ju 52 lọ. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti lọ. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹni tó ti lé ní 70 ni àìsàn yìí sábà máa ń bá lálejò. Tiwa, ìgbà tí ọmọ ṣì wà nílé-ìwé, tí ilé tí a ń kọ́ kò tíì kan òrùlé, ló ń kanlẹ̀kùn. Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa báyìí, ibi tí ìyanu náà wà la dé. Gbogbo yín mọ dáàmù odò Erinlẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, tó ń fún àwa àti Òṣogbo lómi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ tó ń ti omi wọ ìlú ló rẹ̀. Omi wà nínú dáàmù, ó kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n l'Ọ́jà Tìmì, tó, tó, tó ni omi ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn dáàmù kò rí ẹ̀rọ tó rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ kò ju igbe ará ìlú pé omi ò dé. Ó ní, "Háà, ọ̀dá ti dá!" Ó bá sáré ti gbogbo ojú tí omi lè gbà jáde, kí ẹ̀kán kan má ṣòfò. Oore ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n omi ń ga sí i lẹ́yìn ògiri, ẹrù ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ ń wúwo ju tàná lọ, ó wá túbọ̀ ń rẹ̀. Omi ìlú tún dín. Olùṣọ́ tún ní ọ̀dá yìí mà le o, ó tún fi igi há ilẹ̀kùn. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí omi fi bo oko, tó bo ilé, tí olùṣọ́ sì ṣì dúró ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń gbàdúrà pé kí òjò rọ̀.

Kíndìnrín ni olùṣọ́ yìí. Méjì ni wọ́n, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìn wa lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọkàn ló rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ti kéré, wọ́n wá ń rò ó bí wọ́n ti máa ń rò ó láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni yìí ti gbọgbẹ́ lójú ogun, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé òùngbẹ fẹ́ pa á láàárín ọ̀dàn. Nígbà ogun àti ìgbà ọ̀dá, ọgbọ́n yìí kan náà ló gba àwọn baba ńlá wa là. Wọ́n á di iyọ̀ mú, omi kì í sì í fi iyọ̀ sílẹ̀ lọ. Wọ́n á ránṣẹ́ pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ara wọn pọ̀. Ẹran kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan náà á tú oje rẹ̀ sáyè, oje tó máa ń mú wa fò sẹ́yìn bí a bá fẹsẹ̀ kọ ejò. Òun ni yóò máa fi pàṣán lé ọkàn pé kó yára. Ọkàn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi! Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n aṣeni inú ilé tiwa yìí kò ní ibi kankan nínú. Ìfẹ́ ló fi ń pa ni.

Ọkàn pàápàá kò dákẹ́. Ní nǹkan bí 1981, ọ̀gbẹ́ni Adolfo de Bold ní Kánádà rí ohun kan tí kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀. Ó mú ẹran ara ọkàn eku, ó lọ̀ ọ́, ó fún un sí eku mìíràn lára, eku yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, iyọ̀ ń bá ìtọ̀ náà lọ. Àṣé bí omi bá ti ń fẹ ọkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn a máa ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ sí kíndìnrín: ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó lọ, mo ń rì! Kíndìnrín a gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ariwo ọ̀dá á bo ohùn ọkàn mọ́lẹ̀, etí wọn á di. Lóde òní, àwọn dókítà a máa gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láti fi wọn igbe náà. Bó bá ti pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ bí ọkàn ti ń jìyà tó. Ẹ ò rí i bí, pé igbe ẹ̀bẹ̀ ṣe é wọ̀n.

Níbo ni omi tí wọ́n há mọ́lé ń lọ? Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá ẹlẹ́kọ kan fún yín, ẹ má béèrè orúkọ. Bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Sálúbàtà tó ti ń wọ̀ tipẹ́ kò gbà á mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó bá sì bọ́ ọ, okùn rẹ̀ á ti ya ọ̀nà sójú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní ara ń tù ú, wọ́n ní ó ń sanra. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wálé lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ojúgun ìyá. Ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, ó kà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ojú àtàńpàkò náà jìn kòtò, kò padà bọ̀. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ ń wo kòtò yẹn, ó sì pẹ́ kó tó ní òun máa kún. Ẹran ara kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kó lọ sílé ìwòsàn, ó ní ọjà ń bọ̀. Kò pẹ́ tí òru fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ó dùbúlẹ̀, ó sùn, kò tíì pẹ́ tó sùn tó fi ta jí, tó sáré lọ sójú fèrèsé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ikọ́ ń fà á tu. Ládùúgbò, wọ́n ní ogun òru ni. Àwọn mìíràn rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní ayé ló ń jókòó lé e láyà. Ohun tó ń jókòó lé e láyà ni omi ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá nàró lójú mọmọ, omi á sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀. Tó bá nà gbalaja lóru, omi náà á gun òkè padà, á wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dé ọkàn tí kò lè gbé e, á bá dà sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó gba afẹ́fẹ́ á wá rin gbìndìngbìndìn. Bí ìrọ̀rí kan kò bá tó mọ́, tó di méjì, tó di mẹ́ta, títí ènìyàn fi ń sùn lórí àga, ẹ má wá àjẹ́ kiri. Nígbà tó bá burú, ìfóòfó tó ń jáde lẹ́nu á ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìkún náà kò mọ síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á wú lábẹ́ ìhà ọ̀tún, á máa ro ni. Omi á gbá jọ sínú ikùn, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ògùdùgbẹ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó búra èké ló ń ṣe. Mélòó la ti fi ẹnu pa báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn wọn ló rẹ̀! Ìfun náà á rin, oúnjẹ kò ní wọlé. Síbí méjì, ó ti yó. Ibí yìí ni mo ti máa ń gbá àyà mú. Onítọ̀hún á gun ìwọ̀n, ìwọ̀n á ní ó ń wúwo sí i. Ẹ wo apá rẹ̀, ẹ wo èjìká rẹ̀, egungun ti yọ. Ara kan ṣoṣo ló ń sanra tó ń rù lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ń gba ilé, onílé ń tán lọ.

Ìlú ọlọ́fà ni Ẹdẹ, ìlú onílù sì ni. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1946, fi ọwọ́ ara rẹ̀ na dùndún, ọba ni, onílù ni. Ẹni tó bá ní irú etí bẹ́ẹ̀, tó di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, á mọ̀ ọ́n nígbà tí ọkàn bá pa ìlù dà. Yàrá òkè ọkàn tó ti fẹ̀ jù lè sọ ìlù nù pátápátá, kó kàn máa gbọ̀n rìrì, kó má lù mọ́. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á dúró, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì dúró, dídì ló ń dì. Ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan á já kúrò níbẹ̀, á gbọ̀nà orí lọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn, ọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan kò ṣe é gbé mọ́. Òmíràn á dì sínú ẹsẹ̀ tó wú, á gbéra lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan sì wà tí ìlù ọkàn wọn á dàrú lójijì. Ẹni náà jẹun alẹ́, ó kí gbogbo ilé pé ó dàárọ̀, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Kíndìnrín olùṣọ́ náà kò ní lọ láìjìyà: ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á máa kéré sí i, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Mo ní omi kì í fi iyọ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Zaria kún un. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa níbẹ̀, obìnrin tó bá bímọ a máa mu kunu tí kánún pọ̀ nínú rẹ̀ fún ogójì ọjọ́, a máa fi omi gbígbóná wẹ̀, a sì máa sùn lórí ibùsùn alámọ̀ tí wọ́n dáná sí lábẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì ibẹ̀, Eldryd Parry wà lára wọn, rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó ń wú, èémí wọn ń kúrú, ọkàn wọn ti fẹ̀. Wọ́n nàka sí kánún àti ooru. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Kamilu Karaye ti Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní òṣì, àìríṣẹ́ṣe, àìkàwé, ara rírù àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló wúwo jù nídìí rẹ̀, pé ẹ̀bi kunu kò tó bí wọ́n ti rò. Èmi gba ti àwọn méjèèjì. Òṣì lè máa ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti rẹ̀ ná, kó yéé da kánún sí ewédú àti ẹ̀wà, kó sì jẹ́ kí magí sinmi. Bí iyọ̀ bá ti wọlé, olùṣọ́ ti rí ohun tó fẹ́ dì mú.

Ìyanu kejì tó fi ẹ̀yìn ti ti àkọ́kọ́ ni pé nígbà tí olólùfẹ́ ọkàn ń pa á, àwọn ọ̀tá ọkàn ló wá gbà á sílẹ̀.

Màmá àgbà kan wà ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní àgbo kan tí ìdílé rẹ̀ fi pamọ́ fún ara wíwú. Àwọn tí dókítà ti lé padà sílé, ó ń wo àwọn kan nínú wọn sàn. Lọ́dún 1775, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àgbo náà dé ọ̀dọ̀ dókítà kan, William Withering. Ewé inú rẹ̀ tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Withering kò fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú màmá, ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Ó ń yẹ ewé náà wò títí ó fi mú ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́, ewéko olódòdó tí wọ́n ń pè ní foxglove. Májèlé ni ewé yẹn, tó bá pọ̀ jù, á dá ọkàn dúró. Ọdún 10 ló fi ń wọ̀n ọ́n lára aláìsàn, díẹ̀díẹ̀, kó tó kọ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1785. Digoxin tí àwọn dókítà ṣì ń fún àwọn aláìsàn ọkàn kan, ọmọ ìyá ewé yẹn ni.

Tiwa náà kò gbẹ́yìn. Nínú igbó ilẹ̀ adúláwọ̀, láti ọ̀dọ̀ wa níwọ̀ oòrùn títí dé ẹ̀bá odò Zambezi, àwọn igi kan wà tó ń fà bí ìtàkùn, Strophanthus ni orúkọ ìwé wọn. Èso wọn ni àwọn ọdẹ ń lọ̀ sẹ́nu ọfà. Ọfà kékeré tó bá gbé oró yẹn, erin pàápàá kò dúró níwájú rẹ̀. John Kirk, dókítà tó bá arìnrìn-àjò Livingstone rìn lẹ́bàá odò Zambezi, kó díẹ̀ sápò nínú oró náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ sì wà nínú àpò kan náà. Ó fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ korò, ó di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú, àṣé ọkàn rẹ̀ ti ń lù díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Èso yẹn dé ọwọ́ Thomas Fraser ní Edinburgh, ó yọ oró inú rẹ̀ jáde, ó pè é ní strophanthin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú ọkàn tó rẹ̀. Ohun tí ọdẹ fi ń pa ọkàn erin, wọ́n wọ̀n ọ́n kín-ń-kín, ó gbé ọkàn ènìyàn dìde. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Ejò náà kò gbẹ́yìn. Ejò kan wà ní Bràsíìlì, jararaca, tó bá bu ènìyàn ṣán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún a máa wálẹ̀ débi pé á ṣubú. Sérgio Ferreira, ọmọ ilẹ̀ yẹn, wo inú oró rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, ó rí ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá fara wé e, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe captopril, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1981. Lisinopril tí ẹ ń rí nílé oògùn, inú agbo ilé yẹn ló ti wá. Ohun tó ń ṣe kò ju kí ó gba ìwé lọ́wọ́ oníṣẹ́ kíndìnrín lójú ọ̀nà lọ, kí ìròyìn ọ̀dá má lè tàn kálẹ̀. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 1987 láti ìhà àríwá Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti dán ọmọ ìyá rẹ̀ enalapril wò lára ẹni 253 tí ọkàn wọn ti bàjẹ́ gan-an. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tí kò lò ó. Nínú àwọn tó lò ó, 26 ni.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti pàṣán. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn dókítà ti ń rò pé ọkàn tó rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò nà án kó ṣiṣẹ́. Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg, ní Sweden, wá kọ̀wé lọ́dún 1975 pé àwọn fún ọkàn tó rẹ̀ ní oògùn tó ń dín eré rẹ̀ kù, ara àwọn aláìsàn náà sì ń yá. Àwọn dókítà yòókù wò wọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó di 1999 kí àwọn ìwádìí ńlá tó fi hàn gbangba pé òótọ́ ni wọ́n sọ: ẹ gba pàṣán lọ́wọ́ ara, ọkàn á pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dókítà ló sì ń wọ̀n ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá oògùn aládùúgbò lò.

Ìyá ẹlẹ́kọ wa? Wọ́n gbé e dé Òṣogbo lóru ọjọ́ kan, èémí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n fún un ní Lasix, oògùn tó ń mú ni tọ̀, ó tọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé odò tó báyìí wà nínú òun. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn, ó ní ara òun ti dá, ó kó oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ ra àgbo. Oṣù kan kò pé tí wọ́n tún fi gbé e lọ. Láti ìgbà náà, ó ra ìwọ̀n kan tí wọ́n ń gùn, abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló ń gbé. Tó bá jí, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, á gùn ún. Tó bá rí i pé òun ti fi kílò méjì wúwo láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ọbẹ̀ rẹ̀ ti tẹ́, àwọn ọmọ ń kùn. Ó ṣì ń ta ẹ̀kọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ro ó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ ìwà rẹ̀ báyìí: àgbàlagbà tó bá dé ìsọ̀ rẹ̀ tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀, á ní kó jókòó, á fi àtàńpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ wò ná, kó tó bi í pé ẹ̀kọ mélòó ló fẹ́.